Ìwé Ìwọ̀n Tí Mo Ń Kọ Àlá Sí

Àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní í gbé. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ọmọdé bá jí láàárọ̀ tó fẹ́ máa rọ́ àlá burúkú, ìyá wa á ti fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Wọ́n á ní kó tu itọ́ fẹ́rẹ́ sí apá òsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó sá di Ọlọ́run, kó yí ìhà padà, kó má sì sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni. Èyí tó bá dára, ẹni tó fẹ́ràn ẹni nìkan ni kéèyàn sọ ọ́ fún. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi nípa àlá, kò síbi tí wọ́n ti ní kí n mú bírò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Ẹni tó bá rí èmi àgbàlagbà tí mo ti ju àádọ́ta ọdún lọ, tí mò ń fi ojú tí ìpin ṣì wà ńbẹ̀ kọ àlá sínú ìwé kí ẹsẹ̀ mi tó kan ilẹ̀, kó yáa mọ̀ pé nǹkan ń lé mi.

Ohun tó ń lé mi, ọ̀rọ̀ kan ni, tí bàbá mi fẹ́ bá mi sọ, tí n kò jẹ́ kí wọ́n rí sọ.

Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, yàrá méjì tí èmi àti ìyàwó mi ń gbé kò sì jìnnà síbẹ̀. Àwọn ọmọ wa ti kúrò nílé. Iléyá tí mò ń sọ yìí ku bí ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀, aṣọ ọlọ́dún ti kún ṣọ́ọ̀bù débi pé n kò rí àga jókòó sí, nígbà tí fóònù mi dún. Bàbá mi ni, láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n bi mí bí ara ṣe rí, wọ́n bi mí bí ìyàwó mi ṣe wà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn fẹ́ bá mi sọ. Mo ní kí wọ́n máa sọ ọ́, mò ń gbọ́. Wọ́n ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù.

“Wá jókòó síwájú mi kí n rí ojú ẹ,” ni wọ́n wí. “Bí mo bá ti rí ojú ẹ, mo máa sọ ọ́.”

Mo ní bí a bá ti ṣọdún tán, mo ń bọ̀. Wọ́n ní ó dáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo wí lọ́dún tó ṣáájú. Èyí tó ṣáájú ìyẹn ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Kí ọdún tó dé, aṣọ rírán ni kì í jẹ́ kí n lọ. Bí ọdún bá kọjá, aṣọ títúnṣe ni. Lọ́tẹ̀ yìí, mo tilẹ̀ ti di ẹrù mi. Báàgì náà wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láàárọ̀ pé kí n máa bọ̀, pé bàbá sùn, wọn ò jí. Àwa kì í fi òkú pamọ́. Kí n tó dé, wọ́n ti wẹ̀ wọ́n, wọ́n ti dì wọ́n. Aṣọ funfun ni mo bá. N kò rí ojú.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé ọ̀rọ̀ wo ni bàbá fẹ́ bá mi sọ. Kò mọ̀. Mo bi ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ máa ń jókòó lẹ́yìn ìrun. Òun náà ò mọ̀. Àwọn kan ní ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀, àwọn kan ní bóyá àdúrà lásán ni wọ́n fẹ́ ṣe fún mi. Èmi mọ ohun tí mò ń rò, n kò sì sọ ọ́ fún ẹnì kan: pé ìbáwí ni. Pé ọdún mẹ́ta tí n kò fi yọjú dùn wọ́n, pé wọ́n bínú sí mi lọ.

Ogójì ọjọ́ kò tíì pé tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá sójú oorun mi. Nígbà mìíràn, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n á dúró sí, wọn ò ní wọlé. Nígbà mìíràn, a ó jọ wọ ọkọ̀, wọ́n á jókòó sẹ́yìn mi gan-an. Wọ́n á lanu báyìí kí wọ́n sọ̀rọ̀, mo ti jí. Mo á yí sọ́tùn-ún, mo á yí sósì, mo á di ojú pinpin pé bóyá mo lè padà bá wọn níbi tí mo fi wọ́n sí. Ta ló ń padà bá àlá? Kí n tó fọ ẹnu tán, n kò ní rántí nǹkan kan mọ́ ju pé wọ́n wá.

Ìyàwó mi ò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Ó bọ̀wọ̀ fún bàbá mi nígbà tí wọ́n wà láyé, ó sì ṣe sàráà fún wọn nígbà tí wọ́n lọ, ṣùgbọ́n òkú tó ń wá lemọ́lemọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn lọ́dọ̀ tiẹ̀. Ó ka òfin mẹ́ta sí mi létí. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún mi, n kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá ní ká lọ, n kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé wọn. Bí wọ́n bá pè mí, n kò gbọdọ̀ jẹ́. Mo ní, èmi tí n kò jẹ́ nígbà tí wọ́n fi ẹnu ara wọn pè mí, ṣé n kò tún ní jẹ́ lójú àlá ni? Ó kó abọ́ lọ sẹ́yìn ilé.

Ẹni tó kọ́ mi ní ọgbọ́n tí mò ń lò yìí, oníbàárà mi ni, obìnrin kan tó ń ṣe olùkọ́ ní Ìkòtún. Àǹtí ni mo ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo lè bí i lọ́mọ. Ọjọ́ tó wá dán aṣọ wò, apá òsì méjì ni mo gé sí bùbá rẹ̀, kò sí tọ̀tún. Kò bínú. Ó bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Àfi bíi pé mo ti ń wá ẹni tí yóò bi mí, mo rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní orí fóònù lòun ti kà á pé èèyàn lè kọ́ bí yóò ṣe mọ̀ pé àlá lòun ń lá nígbà tó ṣì wà nínú rẹ̀, tí kò ní jí, tí yóò sì ṣe ohun tó bá wù ú níbẹ̀. Mo ní irọ́ ni. Ó ní òun ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí ló wá ṣe? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun rìn kọjá lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ Ìyànà Ìpájà, kò sẹ́ni tó ti òun.

Ohun méjì ló ní kí n máa ṣe. Èkíní, kí ìwé àti bírò máa wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Bí mo bá ti lajú, kí n má mira, kí n má sọ̀rọ̀, kí n di ìrù àlá náà mú kó tó wọ ihò, kí n sì kọ ohun tí mo bá rí fà jáde, ì báà ṣe ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ó ní bí mo bá ń kọ ọ́ lójoojúmọ́, àlá á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró dè mí, èmi náà á sì máa mọ ojú rẹ̀. Èkejì, kí n máa bi ara mi lójú mọmọ pé ṣé mo sùn ni àbí mo jí, kí n sì máa fi nǹkan kan dán an wò. Ó wo ọrùn mi, ó rí téèpù.

“Ẹ ti rí i nìyẹn, bàbá,” ló wí. “Ẹ ka òǹkà kan lórí ẹ̀, ẹ gbójú kúrò, ẹ tún un kà. Tẹ́ ẹ bá jí, kò ní yí padà. Tó bá jẹ́ àlá ni, kò ní dúró.”

Ìwé tó sún mọ́ ọwọ́ mi jù ni mo mú, ìwé ìwọ̀n mi. Iwájú rẹ̀ ni mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí: èjìká, àyà, gígùn apá, ìbàdí. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àlá láti ẹ̀yìn wá. Lóru, ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ má rò pé ó rọrùn. Ní àdúgbò wa, kí ojú èèyàn tó là tán, ìpè àsùbáà ti ń dún lápá kan, àwọn onísọ́ọ̀sì ti ń lé ẹ̀mí èṣù jáde lápá kejì, jẹnẹrétọ̀ ẹni tó ń fa omi ti ń bú láàárín àwọn méjèèjì. Ariwo yẹn ò tó nǹkan ṣá. Ìkíni ló le. Ìyàwó mi máa ń ṣíwájú mi jí. Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, bí mo bá ti mira báyìí, á kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì: ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ jí dáadáa? Kí n tó dáhùn pé a dúpẹ́, kí n tó bi í pé òun náà ńkọ́, àlá ti jò tán bí omi inú apẹ̀rẹ̀. N ò sì lè ṣe bíi pé n kò gbọ́. Ẹni tí a kí tí kò dáhùn, ìjà ló ń jà. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó má máa kí mi mọ́ títí tí n ó fi kọ̀wé tán. Lọ́jọ́ kìíní, ó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kẹta, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Kí wá ni kí n máa ṣe?” ló bi mí. “Kí n kúnlẹ̀ síbẹ̀ kí n máa wo bírò?”

“Máa lọ ṣe àlùwàlá ẹ. Bí mo bá ṣe tán, èmi ni mo máa wá kí ẹ.”

“Ẹ̀yin lẹ máa wá kí mi.” Ó ń ká ìborùn rẹ̀. “Ó dáa. Ayé ti yí padà nìyẹn.”

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìyá onílé wa fi pè mí. Ọmọ Àwórì ni wọ́n, wọ́n ti dàgbà, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín yàrá wọn àti tiwa. Wọ́n ní àwọn ò gbóhùn ìyàwó mi láàárọ̀ mọ́, kí ni mo fi í ṣe? Mo ní kò síjà, mà, àlá ni mò ń kọ.

“Àlá.” Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Ta lo fẹ́ fi hàn?”

Wọ́n yíjú sí ìyàwó mi tó ń ṣa irẹsì lágbàlá, wọ́n ní kó rọra máa ṣọ́ mi.

Kò pẹ́ sí i ni Alájà kan wá sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ló ni léèsì aláwọ̀ ewé kan tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní àwọn ti rù, kí n fi ìwọ̀n àwọn han àwọn. Mo ń wá sísọ́ọ̀sì mi lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n wò ó nínú ìwé. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ṣí i. Nígbà tí mo gbójú sókè, wọ́n ti ka ojú ewé kan, wọ́n ń tú èkejì. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni pé Alájà oníléèsì ewé jókòó nínú kẹ̀kẹ́ lójú omi, wọ́n ní kí n mú abẹ́rẹ́ wá.

“Aṣọ mi ni mo wọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ yìí?” ni wọ́n bi mí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ó bá mi mu?”

“Ó bá yín mu, Alájà.”

“Télọ̀, o ti rán an parí lójú oorun, o ò tíì rán an parí lójú ayé. Èwo ni kí n wọ̀ jáde nínú méjèèjì?”

Àwọn tó wà níta rẹ́rìn-ín, èmi náà fi ẹ̀rín bò ó. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n sọ. Iṣẹ́ ń dúró. Téèpù tí wọ́n ní kí n máa wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń wò ó ní gbogbo ìgbà. Bí mo bá ń rìn lọ sílé, mo á na án, mo á kà á, mo á gbójú kúrò, mo á tún un kà. Bí mo bá jókòó sínú kẹ̀kẹ́, èrò ẹ̀gbẹ́ mi á máa wo ọwọ́ mi. Nígbà tó yá, bí òǹkà náà kò bá yí padà, ńṣe ni inú mi ń bàjẹ́ pé mo jí. Lálẹ́, mo á sùn, mo á ta jí, mo á kọ ọ̀rọ̀ méjì, mo á tún sùn. Bí ìwọ̀n ṣe ń ti iwájú bọ̀ nínú ìwé náà ni àlá ń ti ẹ̀yìn bọ̀. Ewé mẹ́fà péré ló kù láàárín wọn, ó sì wá ń ṣe mí bíi pé bí méjèèjì bá pàdé kí n tó rí bàbá mi bi, n kò tún ní rí wọn bi mọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo kírun àsùbáà tán, mo padà fẹ̀yìn lélẹ̀. Mo bá ara mi ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá mi wọlé. Wọ́n wọlé o, wọn ò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n yí ẹ̀yìn sí mi, wọ́n na apá méjèèjì, bí ẹni tó wá gba ìwọ̀n. Mo fa téèpù yọ lọ́rùn, mo nà án láti èjìká dé èjìká. Ó jẹ́ íǹṣì méjìdínlógún. Mo yíjú sí ìwé kí n kọ ọ́, mo tún un wò. Ó ti di mọ́kànlélọ́gọ́rin. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn òǹkà náà ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń tò lọ lórí téèpù bí èèrà.

Mo mọ̀. Mo ní, àlá nìyí, inú àlá ni mo wà. Bí mo ti wí bẹ́ẹ̀, gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀ kedere: ìtànṣán oòrùn lórí màṣíìnì, òwú tó wà nílẹ̀, etí fìlà bàbá mi tí èmi fúnra mi fi òwú dúdú rán nígbà tí n kò rí òwú búráwùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú padà sí mi. Ìbéèrè mi ti wà lẹ́nu mi. Mo ti fi oṣù mẹ́rin há a sórí: bàbá, kí lọ̀rọ̀ yẹn?

Àmọ́ ta ló ń dúró lórí ìnàró bi bàbá rẹ̀ ní ìbéèrè láìtíì kí wọn? Kí n tó rí ojú wọn, kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dọ̀bálẹ̀. Mo nà gbalaja sáàárín àkísà aṣọ, iwájú orí mi kan sìmẹ́ńtì. Òfin ilé wa sì ni pé ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kì í sọ̀rọ̀, kì í gbójú sókè, àfi bí wọ́n bá ní kó dìde. Mo wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé àlá ni, mo mọ̀ pé kò ní í pẹ́ lọ, mò ń bẹ ara mi pé dìde, dìde kí o béèrè. Ara ò gbà. Ọwọ́ wọn wá bà lé mi lẹ́yìn. Ó wúwo, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì mi kì mí jẹ́jẹ́, bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbà tí mo kéré. Mo ń retí kí wọ́n ní kí n dìde. Wọn ò wí i. Nígbà tí n kò lè mú un mọ́ra mọ́, mo gbójú sókè fúnra mi. Páálí àjà yàrá wa ni mo rí.

Mo ju bírò mọ́ ògiri. Oṣù mẹ́rin. Ìyàwó mi sáré wọlé, ó dúró, kò kí mi nítorí àdéhùn wa. Mo ní kó jókòó. Gbogbo ohun tí mo ti ń kọ tí n kò jẹ́ kó kà, mo sọ ọ́ fún un, mo sì sọ èyí tí n kò kọ pàápàá, pé ẹ̀rù ń bà mí pé bàbá bínú sí mi lọ.

“Wọn ò ní kí ẹ dìde?” ló bi mí.

“Wọn ò wí i.”

“Wọ́n ń kì yín ṣá.”

“Wọ́n ń kì mí. Ọwọ́ wọn wà lẹ́yìn mi.”

“Bàbá àwọn ọmọ, nígbà tí wọ́n bá bínú sí yín, kí ni wọ́n máa ń ṣe?”

Mo rántí. Bí bàbá mi bá ń bínú, wọn kì í kì ẹni ní oríkì. Orúkọ ẹni ni wọ́n á pè lódindi, wọ́n á sì rìn kọjá lára ẹni lórí ìdọ̀bálẹ̀ láìfọwọ́ kanni. Mo ti wà bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà ìrun alásáàrì títí wọ́n fi pe ti mọ̀gáríbì, ìyá mi ló wá bá mi bẹ̀bẹ̀.

Mo sọ fún un. Mo tún ní kó má tíì yọ̀, èmi ni mo lá a, ó lè jẹ́ èmi náà ni mo ń kì ara mi. Ó ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Kò bá mi jiyàn. Ó ní kí n yí ẹ̀yìn.

“Níbo gan-an lọ́wọ́ ọ̀hún wà?”

Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn mi. Mo ní kò débẹ̀, kó lọ sókè díẹ̀. Ó gbé e sókè. Mo ní ó ti pọ̀ jù. Ó ní oníbàárà wo ló le tó báyìí. Nígbà tó débẹ̀, mo mọ̀, mo ní kó má gbé e kúrò. Mo fa téèpù lábẹ́ ìrọ̀rí, mo nà án fún un, ó fi wọn ìsàlẹ̀ ọrùn mi dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà. Ó kà á: íǹṣì mẹ́fà. Mo ní kó gbójú kúrò, kó tún un kà. Mẹ́fà ni.

N kò tíì mọ ọ̀rọ̀ tí bàbá mi fẹ́ sọ. Ó ṣì ń jí mi, kì í kàn ṣe lójoojúmọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ṣí ìwé náà láti iwájú, níbi tí ìwọ̀n àwọn alààyè wà, mo kọ mẹ́fà síbẹ̀ láìkọ orúkọ sí i. Ìyàwó mi dúró títí mo fi gbé bírò sílẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀,” ló wí. “Ṣé ẹ jí dáadáa?”

Mo ní a dúpẹ́, òun náà ńkọ́?